Ọjọ́ Tí Wọ́n Lẹ Wáyà Mọ́ Mi Lórí

Olùkọ́ wa kan ní yunifásítì ló ní òun ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo ọwọ́ òsì. Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Mo ti mọ irú ojú bẹ́ẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí tíṣà ti ń fi rúlà na ọwọ́ náà bí mo bá fi kọ̀wé.

Olùkọ́ yìí ní òun fẹ́ mọ apá tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú ọpọlọ àwa tó ń lo ọwọ́ òsì, bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Ẹ̀rọ kan wà ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù tó ń ya bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ sórí bébà. Kì í dunni, ó ní. Kí n ṣáà tú irun mi kí n tó wá.

Ọ̀rọ̀ irun yẹn ni ìyá mi kò gbà. Obì ló ń ṣà nílé wa ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo sọ fún un.

"Ta ló máa kó irun tó bá já?"

"Màámi, wọn ò fẹ́ irun. Wáyà ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ mi lórí."

"Wáyà! Nínú gbogbo yín, ìwọ nìkan ni wọ́n rí?"

Ìbéèrè yẹn ti ń jẹ èmi náà lọ́kàn.

Ó tẹ̀ lé mi lọ sí Ṣàgámù. Obìnrin kan fi nǹkan tútù kan tó ki bí ògì pa mí lágbárí, ó lẹ wáyà mọ́ ọn. Irun tó bá já, ìyá mi á ṣà á, á dì í mọ́ etí ìró. Olùkọ́ wa tó dúró ti ẹ̀rọ ní kí n dijú, kí n máa ṣe ìṣirò nínú ọkàn. Mo ń gbọ́ bí àwọn bírò tín-ín-rín ara ẹ̀rọ náà ṣe ń ha bébà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkàn mi fi kúrò nídìí ìṣirò, ó lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ àlùfáà ìjọ, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa rẹ̀ nílé àwa mùsùlùmí.

Ìyá mi sọ̀rọ̀ lójijì. "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rọ yín ń gbọ́ ohun tó ń rò?"

Àwọn bírò náà ta gìrì.

"Rárá o, mà," olùkọ́ náà fèsì. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bébà ló ń wò, kò wò wá.

Nígbà tí a dúró de mọ́tò, ìyá mi bi mí pé, "Ta ni ọmọkùnrin náà?"

"Ẹ̀rọ ló sọ fún yín ni?"

"Ẹ̀rọ wo? Ṣebí ojú rẹ ló ń sọ ọ́."

Mo jẹ́wọ́. Kò bú mi. Ó ní, "Ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì. Mú un wá kí n rí i."

Nígbà tó yá, olùkọ́ náà ní ọpọlọ mi kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Mo ní kó jẹ́ kí n rí bébà náà, ó ní iṣẹ́ òun ni. N kò gbà á gbọ́ tán. Ìyá mi kò tilẹ̀ bèèrè èsì. Ọmọkùnrin Ìkẹ́nnẹ́ náà, tó wá kí i nígbà Iléyá, ló ń ṣọ́, ó jókòó tì wá títí ọmọkùnrin náà fi lọ.