Màmá Atẹ̀wé àti Ọ̀rọ̀ Tẹ́tẹ́

Ọdún mọ́kànlélógún ni Màmá Atẹ̀wé ti ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin sínú ìwé. Lọ́dún yìí, oṣù mẹ́ta ni àbá ìsúná fi há wọn lọ́fun: apá kan fẹ́ fi owó orí ilé tẹ́tẹ́ dí àlàfo rẹ̀, apá kejì kọ̀ jálẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, aṣòfin kan dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní, "Tẹ́tẹ́ ò pa ẹnikẹ́ni rí."

Ọwọ́ Màmá dúró. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣùgbọ́n òun ló sin àkọ́bí tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí tẹ́tẹ́ jẹ ilé àti iṣẹ́ ọmọ náà tán, tí ọmọ náà sì gbẹ̀mí ara rẹ̀.

Akẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í rọra ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́."

"Rárá, ọmọ mi. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo máa kọ ọ́."

Ó tẹ gbólóhùn náà láìyọ ọ̀rọ̀ kankan. Omijé ò jẹ́ kó rí èyí tó kù, akẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a parí ẹ̀. Lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ilé ìgbìmọ̀ tú ká láìfẹnukò lórí àbá ìsúná náà.