Ilé Àdúrà Àwọn Tí Bàálù Pa

Ìyá mi lè wọ ọkọ̀ ojú omi láti Barking Riverside, níbi tí à ń gbé nílùú òyìnbó, lọ sí àárín ìlú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀pà bí ẹni tó ni odò. Ṣùgbọ́n bàálù, rárá. Bàálù tó já ló pa àbúrò mi ní Èkó, ọdún kẹsàn-án rèé, ìyá mi kò sì tíì fojú kan sàréè ọmọ wọn. Wọ́n ti bi òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan rí bóyá ó lè gbé àwọn dé Èkó. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín.

Obìnrin ará Japan kan ń gbé nísàlẹ̀ wa. Nígbà tó ti ìlú rẹ̀ dé, ó fi fọ́tò ojúbọ kan hàn wá, tí wọ́n kọ́ nítorí bàálù àti àwọn tí bàálù pa. Bàbá tirẹ̀ náà fò lọ, kò padà. Dípò kí n pè é ní ojúbọ, "ilé àdúrà" ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí fún ìyá mi. Ẹ́ńjìnnì bàálù tó ti dípẹtà wà níbẹ̀, ìyá mi ò tilẹ̀ wò ó. Orí àlùfáà tó wọ aṣọ funfun ni wọ́n tẹ ìka mọ́.

"Sùtánà nìyí. Ṣé wọ́n máa ń bọ́ bàtà?"

Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá ń wọlé.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Aládùúrà ni wọ́n."

Èmi tí mo máa ń bá dírẹ́bà bọ́ọ̀sì jiyàn lórí ọ̀nà tó yẹ kó gbà, mo panu mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá ṣàlàyé, ìyá mi ò ní kúrò ní Barking mọ́ láé.

Wọ́n kọ orúkọ àbúrò mi sínú ìwé, gàdàgbà gàdàgbà, kí obìnrin náà fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì dé pé àwọn aláṣọ funfun ti pè é nínú àdúrà. Ìyá mi ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó ń lọ sí Èkó.

Nínú bàálù, wọ́n di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ eegun. Ọkàn mi dá mi lẹ́bi. Mo ní, "Mọ́mì, àwọn yẹn kì í ṣe Aládùúrà o."

"Mo mọ̀. Ṣé o rí cross kankan nínú fọ́tò yẹn ni? Ọgbọ́n tí o fẹ́ fi tàn mí, èmi ni mo bí i." Wọn ò lajú. "Ẹni tó bá mi pe orúkọ ọmọ mi, kí ni mo tún fẹ́ bi í?"

Nígbà tí bàálù gbéra, àwa méjèèjì la jọ pe orúkọ rẹ̀.