Bí Ìwé Mi Lórí Amẹ́ríkà Ṣe Bá Ẹrù Ìdána Wọ Ẹ̀gùá

Ọjọ́ tí ìjọba ti bọ́dà pa, ìwé mi wà ní Àjàṣẹ́, ní òdìkejì bọ́dà, lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, èmi sì wà ní Ìlaró níhìn-ín. Ìrẹsì fàyàwọ́ ni wọ́n ní àwọn ń lé. Ẹ gbà mí, èwo ni ti ìwé nínú ọ̀rọ̀ ìrẹsì?

Lórí ìṣèlú Amẹ́ríkà ni mo kọ ìwé náà. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àràárọ̀ ni mo sì ń gbọ́ lórí rédíò bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń bú ara wọn, àti bí ààrẹ wọn ṣe fẹ́ mọ odi sí ẹnubodè. Mo ní bí àwa ará Yewa kò bá mọ ọ̀rọ̀ ẹnubodè, ta ló tún mọ̀ ọ́n? Mo fi Yorùbá kọ ọ́, mo gbé e lọ bá ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn. Ó ṣí i wò, ó pa á dé.

“Bàbá, ta ni yóò ra èyí? Ẹ bá wa kọ ti ìjàpá. Àwọn ilé ìwé a rà á.”

“Ìjàpá kì í dìbò ní Amẹ́ríkà.”

“Ẹ fi í ṣe olùdíje.”

Ó ní àwọn yóò kàn sí mi. Nínú iṣẹ́ àwa òǹkọ̀wé, bí wọ́n bá ti ní àwọn yóò kàn sí yín, ìbò ti jáde nìyẹn, ẹ ti fìdí rẹmi. Ni mo bá pinnu láti tẹ̀ ẹ́ fúnra mi ní Àjàṣẹ́, níbi tí owó iṣẹ́ kò ti gani lára. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, bọ́dà tì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nídìí àtẹ ìwé ìròyìn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Tíṣà kọ̀wé lórí odi, odi dé ìwé mọ́!” Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí ẹni kankan kò bá ka èyí, kò sí òmíràn nínú mi mọ́.

Àlábí, ọmọ àbúrò ìyá mi, ló yọ mí. Pọ̀bẹ́ ló ń gbé, ní ìhà kejì bọ́dà, ó sì ń múra ìdána ọmọbìnrin kan ní Ẹ̀gùá, ní ìhà tiwa níhìn-ín. Ó pè mí lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, pas de problème, kò sí wàhálà. A ó dì í mọ́ ẹrù ìyàwó. Ta ló ń dá ẹrù ìdána padà lójú ọ̀nà?”

Òótọ́ ló sọ. Àwa tí ìyá wa wà lọ́hùn-ún, tí bàbá wa wà níhìn-ín, ìjọba wo ló fẹ́ ti ìyẹn pa? Ìyá Bùnmi, ẹ̀gbọ́n Àlábí, ló ròyìn ọ̀nà fún mi. Kọ́sítọ́ọ̀mù kan ṣí àpótí, ó ń wá ìrẹsì, ó bá àsíá Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìwé.

“Màmá, kí ni gbogbo ìwé yìí?”

“Ìyàwó wa fẹ́ràn ìwé ni.”

“Àwọn Amẹ́ríkà yìí, ṣé wọ́n ní físà?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Ní Ẹ̀gùá, èmi náà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ilé ọkọ. Alága tó ń gbẹnu sọ fún ilé ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù níwájú gbogbo èèyàn: iṣu, oyin, iyọ̀, orógbó. Ó kan ìwé. “Ẹ wò ó o! Ọkọ ìyàwó kó ọgbọ́n wá!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo fò dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, tèmi nìyẹn. A kàn dì í mọ́ ẹrù gbé e wá ni. Mo fẹ́ kó o lọ sílé.”

Bàbá Òjó, bàbá ìyàwó, tó jẹ́ àgbẹ̀, wò mí tìyanu-tìyanu.

“Àna wa, ẹrù ìdána kì í padà sẹ́yìn. Àbí ẹ fẹ́ kí ìyàwó tẹ̀lé e padà?”

Ojú tí Àlábí fi wò mí, n kò lè gbàgbé rẹ̀. Mo jókòó. Òfin Amẹ́ríkà wà lórí mi látòkè délẹ̀. Òfin ìdána, tí ọmọdé ilé wa mọ̀, ni mo gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pín ẹrù fún ojúlé-ojúlé nínú ẹbí bí ó ti yẹ: iṣu, orógbó, ìwé. Ẹyọ kan ni mo tọrọ gbà. Mo gbé e dé Ìlaró, mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ó ṣe díẹ̀, ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé mi láàárọ̀. Bàbá Òjó ló sọ̀ kalẹ̀, ìwé mi wà ní abíyá rẹ̀. Kò kí mi.

“Tíṣà, irọ́ lẹ pa síbí!”

“Níbo, Bàbá?”

“Níbi tí ẹ ti ní ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù lè fìdí rẹmi ní Amẹ́ríkà. Ọmọ mi kà á fún wa nígbà tí a ti oko dé. Ilé wa ti pín sí méjì! Àbúrò mi ní òótọ́ ni, kò bá mi jẹun mọ́.”

“Òótọ́ ni, Bàbá. Ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kà á.”

“Irọ́ ni! Bí iṣu tèmi bá pọ̀ ju tiyín lọ, ta ló ní iṣu jù? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. N kò ní lọ láìgbọ́.”

Látìgbà tí mo ti ń kọ̀wé, kò tíì sí ẹni tó jáde nílé rẹ̀ nítorí gbólóhùn kan tí mo kọ. Omi bọ́ lójú èmi àgbàlagbà. Mo gbé àga fún un, mo sì ní kí ọlọ́kadà máa lọ, a kò ní tètè tán.