Ẹni Tí Ìyá Mi Fà Jáde Nínú Omi

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìjà náà dé, ìyá mi ń to ẹja sórí ààrò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé pákó wa, ẹsẹ̀ mi ń fì lórí omi, mò ń dúró de ọkọ̀ tó ń kó wa lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo gbọ́ ariwo kan. Mo rò pé ẹnì kan ń la pákó ni. Ìyá mi kò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, wọ́n pọn àbúrò mi, wọ́n sì tì mí sínú ọkọ̀. Mò ń bèèrè àpò ìwé mi. Wọ́n ti ń tú okùn ọkọ̀.

Bàbá mi ti lọ pẹja lókun láti àná, a ò sì mọ ibi tí wọ́n wà. Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wa, fò sínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú ike gàrí kan. Pákó la fi so ilé kan mọ́ èkejì lọ́dọ̀ wa, nítorí náà iná ń rìn láti ilé dé ilé bí àlejò. Àwọn tó ń sun ilé wa kì í ṣe àjèjì. Ará abúlé kan ní òkè odò ni wọ́n, a jọ ń ná ọjà kan náà ni. Wọ́n ní ilẹ̀ tí epo rọ̀bì wà lábẹ́ rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Mo ti kàwé débi tí mo dé báyìí, kò tíì yé mi bí ọ̀rọ̀ epo ṣe dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ọkọ̀ oníẹ́ńjìnnì kan lé wa. Ó kọlu igi tó rì sábẹ́ omi, ó sì dojú dé. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ wọ inú igbó ẹ̀bá odò, àfi ẹnì kan tó di kẹ́ẹ̀gì mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Aṣọ pupa wà lápá rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

"Tukọ̀, jàre!" ni Ìyá Bọ́sẹ̀ wí. "Kò sóhun tó kàn wá níbẹ̀."

"Ó ń mumi," ni ìyá mi wí.

"Kó mu ún yó! Ṣé o ò rí aṣọ apá rẹ̀ ni? Àwọn ló ń sun ilé wa."

"Mo rí i. Inú omi ló wà."

Lọ́dọ̀ wa, a kì í tukọ̀ kọjá lára ẹni tó wà nínú omi. Bí ìwọ àti òun bá tiẹ̀ ń ṣẹjọ́ láàfin, wàá kọ́kọ́ fà á jáde ná. Kí a tó mọ ìwé kà la ti mọ èyí. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n máa fi í sílẹ̀. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, mi ò sì tíì mọ̀ ọ́n títí dòní.

Ìyá mi na àjẹ̀ sí i. Bó ṣe wọ inú ọkọ̀, ọkọ̀ náà rẹlẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú rẹ̀. Ó já aṣọ pupa náà, ó jù ú sódò. Ìyá mi fẹ́ gbọ́n omi, ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n tú u, wọ́n sì gbé e fún ọkùnrin náà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbé ọmọ wọn fún un.

"Mo ní irú eléyìí nílé," ló wí. "Tèmi tiẹ̀ ń pariwo ju báyìí lọ."

Ìyá Bọ́sẹ̀ pòṣé. "O ní irú rẹ̀ nílé, o wá ń sun ilé ọlọ́mọ."

Ọkùnrin náà gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀. Nígbà tó rẹ Ìyá Bọ́sẹ̀, ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ọ̀sán la fi ń gba ọ̀nà omi tóóró, láàárín ẹ̀fọn àti oòrùn. Ìyá Bọ́sẹ̀ rẹ gàrí, wọ́n bu fún mi, wọ́n bu fún ìyá mi. Wọ́n wo ọkùnrin náà títí, wọ́n sì bu sí i lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, a gúnlẹ̀ sí èbúté kan tí àwọn ọ̀dọ́ tiwa ń ṣọ́ pẹ̀lú ìbọn àti àdá.

"Ta ni ọkùnrin yẹn?"

"Àbúrò mi ni," ni Ìyá Bọ́sẹ̀ yára dáhùn. "Ó ti ṣèṣe lẹ́sẹ̀."

Ọ̀kan nínú wọn ti na ọwọ́ láti fà mí gòkè. Ìyá mi ti gba ọmọ wọn padà, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì sì ti wà lórí ilẹ̀.

"Kì í ṣe àbúrò rẹ̀," ni ìyá mi wí. "Ọ̀kan nínú wọn ni. Inú omi la ti rí i."

"Ìyá Dúpẹ́!" ni Ìyá Bọ́sẹ̀ kígbe.

Ọ̀dọ́ kan bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo Màmá! Wọ́n sá fógun, wọ́n tún pẹja bọ̀!"

Àwọn ọ̀dọ́ náà wọ́ ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. "Màmá," ló ń wí, "ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fà mí jáde." Ìyá mi ń pọn àbúrò mi padà. Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ilé kan. A ò gbọ́ ìbọn. Mo máa ń sọ èyí fún ara mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí àdá wà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bàbá mi dé. Nǹkan kan ò ṣe wọ́n, wọ́n tiẹ̀ gbé ẹja bọ̀. Ìyá mi dì mọ́ wọn, wọ́n sunkún, ìyá mi wá jáde síta lọ bì. Nígbà tó yá, ìjà tán. Ẹnikẹ́ni ò sọ ẹni tó borí. Ìlú Mahintedo la kó lọ. Ìyá mi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ ṣì ń kí ara wọn, wọn kì í jọ wọkọ̀ mọ́.

Ní yunifásítì, olùkọ́ wa bi wá bóyá rere ni wọ́n bí mọ́ ènìyàn, àbí búburú. Ó ní kí a nawọ́. Mi ò nawọ́ sí ọ̀kankan. Ó rò pé mi ò kàwé ni. Ìyá mi ni mò ń rò, lẹ́yìn náà Ìyá Bọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ọkùnrin tó sun ilé wa tó sì gbé àbúrò mi lé ẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù mi ni pé bí mo bá pe ìyá mi ní ẹni búburú, irọ́ ni. Bí mo bá pè wọ́n ní ẹni rere, ọkùnrin yẹn máa wò mí. Àbúrò mi, tó ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, ní ọ̀rọ̀ náà ò le: ọ̀tá ni ọkùnrin náà. Inú máa ń bí mi sí i, mi ò sì mọ ìdí.

Lọ́jọ́ kan tí mo wá sílé, mo bi ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń họ ìpẹ́ ẹja.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ fún wọn?"

"Bàbá rẹ ò tíì dé nígbà yẹn. Mo rò pé àwọn èèyàn ọkùnrin yẹn ti pa á."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi fà á jáde?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé. "Ṣé kí n fi í sílẹ̀ nínú omi ni? Bó bá tún bọ́ sómi lónìí, màá fà á jáde."

"Tẹ́ ẹ bá wá gúnlẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n mú ẹja mìíràn, wọ́n tẹ ọ̀bẹ mọ́ ìpẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kankan ò kọjá lójú odò. Mo wá jókòó tì wọ́n, mo mú ẹja kan, a sì jọ ń họ ìpẹ́ lọ.