Ọjọ́ Tí Kò Sí Ẹni Ṣe Àmín

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àpòmù ló máa ń mú mi rántí ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ó máa ń ta síni nímú bí ọtí tó ti kan. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń kọ́ nígbà náà, ọdún mélòó kan ṣáájú kí fóònù alágbèéká tó dé, Aládùúrà sì ni mí tọkàntọkàn.

Gbogbo ìjọ lọ sí Ìkirè fún ìsọjí ọlọ́jọ́ méje. Bàbá alábòójútó ní kí èmi dúró, kí n máa lu agogo, kí n sì máa gbàdúrà ní aago mẹ́sàn-án, méjìlá àti mẹ́ta, kí pẹpẹ má baà dá páro. Wọ́n ní, “Tí a bá dé lọ́jọ́ Ìsinmi, ìwọ la ó fi ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ afàdúràjagun.” Orí mi wú. Bí mo bá ti kígbe “Jésù!” nínú ìjọ yẹn, “Àmín” àwọn ìyá ìjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣí páànù òrùlé.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo ṣí fèrèsé ojú títì sílẹ̀ gbayawu, mo gbàdúrà títí ohùn mi fi ha. Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀ láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò kọjá. Mo lu agogo aago méjìlá, mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Bẹ́ǹṣì òfìfo ló wà níwájú àti lẹ́yìn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú sùtánà mi, ẹsẹ̀ mi tutù, mo ń wo bí àbẹ́là ṣe ń yọ́.

Ìyá àgbà tó ni kòkó, Mùsùlùmí ni wọ́n, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. “Ìwọ ọmọ yìí, mo gbọ́ agogo, mi ò gbọ́ ariwo. Ṣé kò rẹ̀ ọ́?”

“Kò rẹ̀ mí, mà. Kò kàn sí èèyàn ni.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Háà! Èèyàn lo ti ń ké pè látọjọ́ yìí? Ewúrẹ́ mi nìkan ló wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí mò ń kírun láàárọ̀. Kò ṣe àmín o!”

Wọ́n lọ, n kò lè rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Wásinmi, ìlú wa, wá kọ́ṣẹ́, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbàdúrà sókè nínú ìjọ ni ẹnì kan tó béèrè orúkọ mi. Àṣé ohun tí mò ń wá kiri nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fi oyè yẹn fún ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn ni mò ń gbàdúrà sí.”

Bàbá ní, “Dìde, ọmọ mi. Lọ jókòó.”

Ẹlòmíràn ni wọ́n fi òróró yàn. Oṣù mélòó kan kọjá tí kò sẹ́ni tó bi mí bí mo ṣe jí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń gán ọrùn bùbá lọ́wọ́, ni mo bá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Olúwa, èmi nìkan ni mo wà o.” N kò tíì gba àdúrà kan tó jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run jẹ́ kí n dá wà tó láti lè sọ ọ́.