Ṣọ́ọ̀bù Ìfọṣọ Tí Gúnrégé Rà

Gúnrégé là ń pe àbúrò ìyàwó mi, nítorí bó ṣe ń lọ aṣọ. Ìlà tó bá fi áyọ́ọ̀nù fà sára ṣòkòtò, o lè fi gé ọṣẹ. Ọdún mọ́kànlá ló fi bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀. Òun ló ń yọ àbàwọ́n, òun ló ń po sítáàṣì, òun ló ń lọ kó aṣọ nílé àwọn oníbàárà. Ọ̀gá ní tiẹ̀ máa ń jókòó sídìí tábìlì iwájú, á máa dá fóònù lóhùn.

Nígbà tí Ọ̀gá sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun, pé òun fẹ́ lọ sinmi, Gúnrégé ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni mo fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù yìí bọ́ sí lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí àjèjì wá ba iṣẹ́ mi jẹ́."

Bí Gúnrégé ṣe dé ilé wa nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ilẹ̀ tí òun àti ìyàwó ẹ̀ rà láti fi kọ́lé ni wọ́n fẹ́ tà, kí wọ́n fi owó ẹ̀ ra ṣọ́ọ̀bù náà. Mo ní kó jókòó ná.

"Ta ni lọ́yà yín?"

"Lọ́yà kẹ̀, Ẹ̀gbọ́n? Láàárín èmi àti Bàbá?"

"Ṣé ó fẹ́ fi ta ẹ́ lọ́rẹ ni?"

"Rárá o, ó ń tà á ni."

"Ọlọ́jà ni nígbà yẹn, kì í ṣe bàbá. Béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ó máa gbà kó o gba ibẹ̀. Béèrè bóyá owó orí kankan wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì san. Kí lọ́yà kọ gbogbo ohun tó ò ń rà sílẹ̀, kí Ọ̀gá sì fọwọ́ sí i pé òun ò ní ṣe irú iṣẹ́ yẹn mọ́ ládùúgbò yìí. Owó tí lọ́yà máa gbà ò tó iye ẹ̀rọ ìfọṣọ kan."

Ó wolẹ̀. "Ojú á tì mí láti gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú ẹ̀. Á ní mo pe òun lólè."

Ìyàwó mi gbè é lẹ́yìn: "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, kì í ṣe gbogbo nǹkan lèèyàn ń ṣírò."

Gúnrégé kúkú lọ bá onílé, ìyẹn sì gbà. Ti ìwé, Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, ojú ewé kan péré: òun ta ṣọ́ọ̀bù òun àti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó fi ẹnu ṣèlérí pé ẹni tó bá pe òun lórí fóònù, òun á darí ẹ̀ sí Gúnrégé. Gúnrégé kó owó ilẹ̀ tí wọ́n tà fún un, ó sì dúpẹ́ títí kó tó fọwọ́ sí i.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, iṣẹ́ lọ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Háńgà ṣófo lórí irin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ẹ̀ bi í pé, "Oníbàárà wo ni Bàbá darí sí wa lọ́sẹ̀ yìí?" Gúnrégé gba fóònù ìyàwó ẹ̀, ó jáde síta, ó wo nọ́ńbà tó wà lára pátákó àwọn fúnra wọn, ó sì pè é.

"Ilé ìfọṣọ rèé, ẹ káàárọ̀ o!" Ohùn Ọ̀gá ni, ó dá ṣáká bí ohùn ẹni tí ẹ̀yìn ò dùn rí. "A ti kó kúrò níbi àtijọ́ o. Ẹ bá wa lẹ́yìn ilé epo."

Gúnrégé fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun ló bá níbẹ̀, ọmọ Ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ, Ọ̀gá nídìí tábìlì.

"Ọmọ mi! Wọlé, wọlé."

"Bàbá, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ sinmi."

"Mo sinmi. Ó sú mi."

"Ẹ ń sọ fáwọn èèyàn pé a ti kó kúrò."

"Ṣé mi ò kó kúrò ni? Ṣọ́ọ̀bù ni mo tà fún ẹ, àtohun tó wà nínú ẹ̀. Fóònù wà lápò mi lọ́jọ́ náà. Mi ò sì ta ara mi mọ́ ọn."

Ọmọ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mo mú Gúnrégé lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan. Obìnrin náà ka ìwé náà tán, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. "Èyí tó kù dà?"

"Ó tán síbẹ̀ náà ni, mà."

"Orúkọ ilé iṣẹ́ ńkọ́? Nọ́ńbà ńkọ́? Ibo ló ti sọ pé òun ò ní dá irú ẹ̀ sílẹ̀?"

"Ó ṣèlérí fún mi lẹ́nu."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

"Èmi àti òun."

Lọ́yà ní a lè pẹjọ́ lórí "a ti kó kúrò" tó ń sọ káàkiri, àmọ́ ẹjọ́ náà á pẹ́, á sì jẹ owó. Mi ò bá Gúnrégé sọ pé ṣebí mo wí. Kò sí èrè kankan níbẹ̀.

Ó wá pinnu láti máa lọ bá àwọn oníbàárà nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé obìnrin kan tó ti ń kó aṣọ ẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé Ọ̀gá ló rán ẹ? Mo ti di aṣọ sílẹ̀." Ó gbé ẹrù náà lé e lọ́wọ́.

"Rárá o, mà. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí. Mo ti rà á."

Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀, ó sì gba ẹrù náà padà. "Má bínú o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe Ọ̀gá ẹ."

Ó pè é. Àwọn méjèèjì jọ ń gbọ́ ohùn tó ń jáde nínú fóònù náà: "Ọmọ yẹn? Ó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, mà. Ẹ má kó aṣọ fún un o. Mò ń rán ọmọ mi bọ̀."

Obìnrin náà ò mọ ibi tí ì bá wò. Gúnrégé ní ó dàbọ̀, ó rọra pa géètì náà dé, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì.