Ọmọ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Díbọ́n

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní gáréèjì Láfẹ́nwá, èémí ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìyá rẹ̀ fa nǹkan kékeré kan yọ nínú báàgì, ó fín in sí i lẹ́nu, àyà ọmọ náà sì rọlẹ̀. Èmi ni omijé wá ń bọ́ lójú mi. Sídí ni mo rántí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ Sídí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó ní kíláàsì kẹrin. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kó jáde nílé bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní Ìjẹmọ̀. Ìyá Aláró la máa ń pè wọ́n, nítorí àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe tà. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohùn wọn ló le, ọwọ́ wọn kì í sì í jìnnà sí etí ọmọ.

Sídí ní ikọ́ tí í sé èémí, èyí tí wọ́n ń pè ní ásímà. Gbogbo ilé ní èéfín ìdí aró ló fà á, wọ́n ní kó má débẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. A máa ń sáré gun àpáta ẹ̀yìn ilé, a máa ń yí nínú eruku bí adìyẹ, a ó rẹ́rìn-ín títí ikùn yóò fi máa ro wá, èémí Sídí kò ní súfèé. Àmọ́ bí Ìyá Aláró bá ti ké "Sìdíkáátù!" láti inú ilé báyìí, èjìká rẹ̀ á ká sókè, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Aláró pè mí.

"Ṣé ó máa ń ṣe é báyìí tí ẹ bá ń ṣeré?"

"Rárá, mà. Tí a bá ń ṣeré, kì í ṣe é rárá."

Mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ìyá pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ó ń díbọ́n ni!"

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fi àdín pa á láyà mọ́, kò sẹ́ni tó mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Láàárọ̀ Sátidé kan tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, Sídí fọ́ ìkòkò aró. Ìyá figbe ta, èémí Sídí sì sé.

"Tóo bá díbọ́n tán, kóo wá nu ilẹ̀ yìí!"

Ó jókòó ti ògiri, ètè rẹ̀ ń dúdú bọ̀. Ó wò mí. "Sọ fún wọn," ló wí, kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu mi kò là. Ẹ̀rù Ìyá Aláró ń ba èmi náà.

Nígbà tí Ìyá Aláró wá tẹjú mọ́ ọn, wọ́n gbé e pọ̀n, wọ́n sáré láìwọ bàtà, wọ́n forí lé ọsibítù. Ẹ̀yìn wọn ni Sídí kú sí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n kírun sí i lára, tí wọ́n sì sin ín sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá Aláró kò jágbe mọ́ ọmọ kankan mọ́ títí wọ́n fi kú. Bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á rọra sọ pé, "Ìwọ lo sọ pé kì í ṣe é tí ẹ bá ń ṣeré." Wọn kì í fi ìbínú sọ ọ́.

Mo ti dàgbà kí dókítà kan tó là á yé mi pé ìpayà àti ìbànújẹ́ lè fún èémí alásímà pa gẹ́gẹ́ bí èéfín ṣe lè fún un pa, pé kì í ṣe ẹ̀tàn. Oògùn ti pọ̀ lónìí. Síbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ "ó ń díbọ́n ni" lẹ́nu àwọn òbí tó kàwé dáadáa.

Wọ́n ti wó ilé Ìyá Aláró, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró láàrin àwọn tó ń rajà, mo ń wo ilẹ̀, n kò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí mọ́.